Ẹyẹ Ẹ̀tàn Tó Ń Yí: Bí Ẹ Ṣe Lè Yàn Án Kí Ẹ sì Lò Ó fún Ẹyẹlé Oko ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹyẹlé tó ń bá onílé jẹ, tó ń bá onílé mu kọ́ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Woodpigeon ni, ẹyẹlé oko tó ní àmì funfun lọ́rùn àti ìlà funfun lápá, tó máa ń ya bo oko rape (ohun ọ̀gbìn tí wọ́n ń fún òróró nínú èso rẹ̀) nígbà òtútù tí yóò sì jẹ ewé rẹ̀ kanlẹ̀. Ẹ̀rọ ẹ̀tàn tó ń fà á wá síwájú ìbọn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé.

Kí ẹ tó náwó lórí ẹ̀rọ, ẹ wá ìwé. Ẹ gba shotgun certificate, ìwé tó fàyè gbà yín láti ní ìbọn, lọ́wọ́ ọlọ́pàá, ẹ gba àṣẹ lẹ́nu onílẹ̀, kí ẹ sì ka ìwé àṣẹ GL42 ti England láti òkè délẹ̀. Torí pé ẹyẹ yìí ń ba irè oko jẹ́ ni wọ́n ṣe fún wa láyè, kì í ṣe torí eré, wọ́n sì retí pé kí ẹ ti gbìyànjú ọ̀nà mìíràn láti lé wọn. Stock dove, ẹyẹlé mìíràn tó jọ ọ́, kò sí nínú ìwé àṣẹ yìí: ó kéré sí woodpigeon, kò sì ní funfun kankan lára. Ẹ má yìn ín níbọn. Òfin Wildlife and Countryside ti ọdún 1981 tún kà á léèwọ̀ pé kí èèyàn so ẹyẹ alààyè mọ́lẹ̀ kó fi tan àwọn yòókù, tàbí kó fi ohùn tí a gbà sílẹ̀ tàn wọ́n. Ojú ẹyẹ ló kù tí a lè tàn.

Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀ lọ́jà. Bouncer kò lo iná rárá: ọ̀pá tó rọ̀ ni, a ó gbé òkú ẹyẹ kan lé e lórí, a ó na apá rẹ̀, atẹ́gùn á sì máa mì ín. Lọ́jọ́ tí atẹ́gùn bá dúró, òun náà á dúró. Flapper máa ń ju apá bí ẹyẹ tó fẹ́ balẹ̀. Bátìrì ni òmíràn ń lò, okùn ni ẹ ó máa fi fa òmíràn láti ibùba. Rotary, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní magnet, ní apá irin méjì, òkú ẹyẹ kan ní ìkángun kọ̀ọ̀kan, mọ́tò kékeré ló sì ń yí wọn po. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, mo ní kó ra bouncer méjì ná. Ẹni tó ń ta rotary kò ní sọ bẹ́ẹ̀ fún yín.

Iṣẹ́ rẹ́wáyà ni mo kọ́ l'Abẹ́òkúta kí n tó dé Lincolnshire ní England níbí, torí náà mọ́tò ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ṣé ó ní bọ́tìnnì tó ń dín eré kù? Bí kò bá ní, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Eré tó dáa ni èyí tí ojú yín lè fi bá apá kan yípo láìsí wàhálà. Bó bá ti ń fẹ́ bíi fáànù, ọ̀nà jíjìn ni ẹyẹ ti máa yà. Ẹ tẹ́tí sí gíà rẹ̀ pẹ̀lú. Èyí tó bá ń dún gìrìgìrì nínú ṣọ́ọ̀bù, yóò dún jù bẹ́ẹ̀ lọ lóko tó dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹ yan èyí tí ẹ lè fa apá rẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ, kí ẹyẹ méjèèjì má bàa máa tọ ipa kan náà.

Àwọn kan ń fi mọ́tò wáípà ọkọ̀ ṣe tiwọn. Ó lágbára lóòótọ́, àmọ́ ó ń mu iná. Ẹ ṣírò rẹ̀: bí mọ́tò bá ń fa ámípì 3, bátìrì fóòtì 12 tó jẹ́ ámípì-wákàtí 7 kò lè ju wákàtí méjì àti díẹ̀ lọ kó tó kú pátápátá, bẹ́ẹ̀ kò dáa kí ẹ jẹ́ kí bátìrì olójé gbẹ tán. Èyí tó ń fa ìdajì ámípì á bá yín dé ìrọ̀lẹ́. Ẹ má gbé bátìrì ọkọ̀ wá. Iná ńlá ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n ṣe é fún, láti jí ẹ́ńjìnnì. Lithium wọ́n, àmọ́ ó fúyẹ́, ẹni tó bá ti ń gbé bátìrì la ẹrẹ̀ kọjá ló mọ iyì rẹ̀.

Nínú oko gan-an, ẹ̀rọ tó ń yí ló ń pe ẹyẹ láti òkèèrè, àwọn ẹyẹ ẹ̀tàn oníke tó dúró jẹ́ẹ́ nílẹ̀ ló ń jẹ́ kó bà. Ẹ kọ́kọ́ jókòó sínú ọkọ̀, kí ẹ wo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé: igi gbígbẹ kan, etí igbó, wáyà iná. Abẹ́ ọ̀nà yẹn ni kí ẹ pa ibùba sí, kí atẹ́gùn máa fẹ́ láti ẹ̀yìn yín tàbí láti ẹ̀gbẹ́. Ẹyẹ máa ń kọjú sí atẹ́gùn bó bá fẹ́ balẹ̀, torí náà ọ̀dọ̀ yín ni yóò kọjú sí. Ẹ to àwọn ẹyẹ ẹ̀tàn ilẹ̀ ní ìrísí U, kí ẹnu rẹ̀ kọ sí ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ, kí àárín rẹ̀ tó ṣófo jìnnà sí ibùba tó nǹkan bí 20 sí 25 ìṣísẹ̀. Ẹ jẹ́ kí díẹ̀ yà sọ́tùn-ún, kí díẹ̀ yà sósì. Rotary kì í gbé inú àyè òfìfo yẹn. Apá kan lókè, níbi tí atẹ́gùn ti ń wá, ni kí ẹ gbé e sí. Bó bá wà láàárín, ẹyẹ á kàn máa rábàbà lórí rẹ̀, ọta á sì ba mọ́tò níkẹyìn.

Ike tó ń dán lẹ́yìn òjò máa ń tú àṣírí. Bí ẹyẹ bá ti ń bọ́ sílẹ̀, ẹ fi òkú wọn rọ́pò ike, ẹ da ikùn wọn bolẹ̀, ẹ fi igi tín-ínrín gbé orí wọn sókè. Èyí tó bá nà gbalaja, tó da ikùn sókè, ẹ tètè jáde lọ yí i padà.

Níbi tí ìbọn ti ń dún lemọ́lemọ́, ẹyẹ máa ń dá magnet mọ̀. Yóò máa bọ̀ tààrà, yóò dé nǹkan bí 60 ìṣísẹ̀, yóò ṣẹ́rí padà. Bí ẹyọ kan bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí ìjà níbẹ̀. Bí mẹ́ta bá ṣe é léraléra, ẹ pa mọ́tò, kí ẹ wo ohun tí èyí tó tẹ̀ lé wọn máa ṣe. Torí èyí nìkan ni mo fi gbà kéèyàn ra rìmóòtù: ẹ tan ẹ̀rọ nígbà tí ẹyẹ ṣì jìnnà, ẹ pa á ní kété tó bá yí orí wá. Bí wọ́n bá ṣì ń yà, ẹ yọ rotary kúrò, ẹ fi bouncer nìkan sílẹ̀. Ó sì lè jẹ́ ojú yín ló ń dán láti inú nẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi bo ibùba, ẹ dé fìlà, ẹ bo ojú.

Kí ẹ tó kúrò lóko, ẹ ṣa gbogbo èèpo ọta, títí kan ti ẹni tó wá ṣáájú yín, torí ohun tí àgbẹ̀ máa kọ́kọ́ rí lọ́jọ́ kejì nìyẹn. Bí ẹ bá délé, ẹ so bátìrì mọ́ iná kí ẹ tó jókòó tu ìyẹ́.