Bí a ṣe ń mú kí ìjókòó kẹ̀kẹ́ aláwọ báni lára mu

Bí a bá gbé ìjókòó kẹ̀kẹ́ méjì síwájú ẹni tó fẹ́ rajà, ọ̀kan aláwọ, ọ̀kan onífóòmù, ìka ni yóò kọ́kọ́ fi tẹ̀ wọ́n wò. Fóòmù á rọ̀, awọ á le gbagidi, onífóòmù ni yóò sì rà. Ṣùgbọ́n ìka kọ́ ló ń gun kẹ̀kẹ́. Egungun méjì tó wà nísàlẹ̀ ìdí ló ń gbé wa jókòó. Tí fóòmù bá rọ̀ jù, egungun yẹn á rì wọ inú rẹ̀, fóòmù á wá wú sókè láàárín itan, á máa fún ibi tí kò yẹ kí ohunkóhun fún. Bí ọ̀nà bá ti jìn díẹ̀, ibẹ̀ á kú pátápátá.

Ti awọ yàtọ̀. Ilé iṣẹ́ Brooks, tí John Boultbee Brooks dá sílẹ̀ ní Birmingham ní 1866, ṣì ń ṣe é ní Smethwick, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Awọ màlúù tó nípọn tó nǹkan bíi mìlímítà 5 ni wọ́n ń nà sórí irin, wọ́n á kàn án mọ́ ọn níwájú àti lẹ́yìn. Kò sí tìmùtìmù kankan lábẹ́ rẹ̀, òfìfo ni. Òfìfo yẹn ló ń jẹ́ kí awọ lè tẹ̀ bí egungun ẹni tó ń gùn ún ṣe rí. Àwọn tó bá àgbàlagbà gun kẹ̀kẹ́ Raleigh láyé ọjọ́un mọ irú rẹ̀, pàápàá èyí tí sípíríǹgì rẹ̀ máa ń han létí.

Kí ẹ tó náwó, ẹ wọn ara yín. Ẹ tẹ́ páálí sórí bẹ́ǹṣì líle, ẹ jókòó lé e, ẹ gbé orúnkún sókè díẹ̀, kí ẹ wá dìde. Ojú méjì á jin sínú páálí náà. Ẹ wọn àárín wọn. Ẹ̀yìn ìjókòó tí ẹ máa rà gbọ́dọ̀ fẹ̀ jù ú lọ dáadáa, kí egungun má baà bọ́ sórí irin etí. Ẹni tó ń nàró gun kẹ̀kẹ́ nílò èyí tó fẹ̀, tó ní sípíríǹgì, bíi èyí tí Brooks ń pè ní B67. Ẹni tó ń tẹ̀ síwájú lè mú B17 wọn.

Tí ẹ bá ti dè é mọ́ kẹ̀kẹ́, ẹ fi gìgísẹ̀ lé pẹ́dà tó wà nísàlẹ̀: ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ nà tán láìjẹ́ pé ìdí ń yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Ẹ jẹ́ kí imú ìjókòó ga díẹ̀, torí pé àárín awọ yóò wọlẹ̀ tó bá yá. Tí ẹ bá ń yọ̀ síwájú ṣáá, tí ọrùn ọwọ́ sì ń dùn yín, imú yẹn ti rẹlẹ̀ jù.

Lẹ́yìn náà, ìpara. Proofide ni Brooks ń tà fún un. Ọ̀rá ẹran àti ìda oyin wà nínú rẹ̀. Ẹ fi aṣọ pa á fẹ́lẹ́, lókè àti lábẹ́, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́ ọn, kí ẹ nù ún kó dán. Òróró ìdáná ńkọ́? Rárá o. Awọ tó bá mu òróró á rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, á wọlẹ̀, kò sì ní dìde mọ́.

Ó kù kí ẹ máa gùn ún. Ìrìn kúkúrú ni kó jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó lè gbà tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà kí ojú egungun méjèèjì tó hàn lára awọ. Àwọn kan máa ń rẹ ẹ́ sómi kó lè tètè rọ̀. Ìbàjẹ́ gbáà nìyẹn.

Bí òjò bá pa á, ibòji ni kó ti gbẹ, kì í ṣe oòrùn tàbí ẹ̀gbẹ́ iná, ẹ má sì gùn ún ní tútù. Nọ́ọ̀tì kan wà lábẹ́ imú tí a fi ń fa awọ le. Ìgbà tí àárín bá ń rọ̀ wọlẹ̀ gan-an nìkan ni kí ẹ fọwọ́ kàn án: ìdá kan nínú mẹ́rin yíyí kan, kí ẹ gùn ún wò. Àfàjù ló ń ya awọ.

Ẹni tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń sun ìta nínú òjò, tàbí tó ń sáré ìdíje tí ìwúwo ń dí lọ́wọ́, kó ra ti ìgbàlódé: fóòmù tó le díẹ̀, tó ní ihò láàárín. Brooks fúnra wọn gbé Cambium jáde ní 2013, tí wọ́n fi rọ́bà àti òwú ṣe, tí kò nílò ìpara. Bó ti wù kó rí, páálí yẹn náà ni kí ẹ kọ́kọ́ jókòó lé.