Bí A Ṣe Ń Yan Irú Tàtàṣé Tí A Ó Gbìn Sẹ́yìnkùlé

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ráhùn pé tàtàṣé kì í so lẹ́yìnkùlé àwọn, ọjọ́ tí wọ́n ti ra hóró ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n bomi rin ín, wọ́n da ìgbẹ́ adìẹ sí i, igi rẹ̀ sanra, ewé rẹ̀ dúdú minimini, ó yọ òdòdó, òdòdó sì ń já bọ́ lójoojúmọ́. Igi yẹn kò ṣàìsàn rárá. Irú tí kò lè gba ooru àdúgbò wọn ni wọ́n rà. Ìdí nìyí tí màá fi pẹ́ lórí yíyan irú. Ní ti gbígbìn, ẹni tó bá ti gbin tòmátì rí ti mọ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ ń sè

Bí ọbẹ̀ ata ni tiyín, tàtàṣé tó gùn díẹ̀, tí ìdí rẹ̀ ṣóńṣó, tí ara rẹ̀ kò nípọn, ni kí ẹ wá. Kò lómi púpọ̀, nítorí náà kì í pẹ́ kí ata tó dín, pupa rẹ̀ sì máa ń dúró nínú ọbẹ̀. Bí sàlátì àti fráìdì ráìsì ni, alágogo tí ara rẹ̀ nípọn dára jù, èyí tí ìdí rẹ̀ máa ń pín sí igun mẹ́ta tàbí mẹ́rin. California Wonder àti Yolo Wonder ni ẹ ó máa rí jù lára ọ̀rá hóró. California Wonder ti wà lọ́jà láti ọdún 1928, àgbà ata ni, kò sì wọ́n.

Àwọ̀ kò yẹ kó gba àkókò yín. Àtèyí tó ń di pupa àtèyí tó ń di ìyeyè, àwọ̀ ewé ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ ní. Tútù tí wọ́n ń tà lọ́jà, wọ́n já a kó tó pọ́n ni. Láti ìgbà tí ata bá ti tóbi tán sí ìgbà tó máa pọ́n, ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, gbogbo àkókò yẹn ni kòkòrò àti jíjẹrà fi ń bá yín du ú. Lásìkò òjò, èmi kì í dúró dè é. Mo máa ń já a ní tútù, mo sì ń fi se ayamáṣe.

Ooru òru, ibi tí wọ́n ti ń kọsẹ̀

Tàtàṣé fẹ́ oòrùn, ó kéré tán wákàtí mẹ́fà lójúmọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀sán bá ti kọjá 32°C, tí òru kò sì wálẹ̀ tó 24°C, òdòdó á máa já kó tó di èso. Ooru òru yẹn ló burú jù, kò sì sí bí ẹ ṣe lè bomi pa á. Ẹ rántí Èkó ní oṣù kẹta, nígbà tí iná bá lọ tí fáànù dúró: bí ara yín ṣe rí lálẹ́ ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni ti igi ata tó wà níta. Jọ́ọ̀sì ga ju ìpele òkun lọ ní nǹkan bí 1,200 mítà, òru ibẹ̀ tutù, ìdí nìyẹn tí alágogo fi ń so wọ̀ǹtìwọnti níbẹ̀. Ẹni tó rí i lóko ará Jọ́ọ̀sì, tó wá lọ ra hóró kan náà gbìn sí Bàdágìrì, owó ló fi ṣòfò.

Bí ata bá ṣe tóbi tó, tí ara rẹ̀ sì nípọn tó, bẹ́ẹ̀ ni ooru ṣe máa ń tètè mú un. Èyí tó kéré, tí ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, máa ń rọ́jú so. Torí náà, bí ẹ bá wà ní Èkó tàbí lágbègbè etí òkun àti ọ̀sà, tàtàṣé ṣóńṣó ni kí ẹ fi ṣe igi mẹ́ta nínú mẹ́rin. Kí ìkẹrin jẹ́ alágogo bí ọkàn yín bá ń fà á, kí ẹ sì rí i pé wọ́n kọ “heat tolerant” tàbí “heat set” sára ọ̀rá rẹ̀. Bí wọn kò bá kọ ọ́, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà. Àwòrán tó wà lára ọ̀rá kò jẹ́ ẹ̀rí ohunkóhun: kò sọ ibi tí wọ́n ti ya ata náà, kò sì sọ bí òru ibẹ̀ ṣe rí.

Ẹni tó bá sì fẹ́ alágogo lọ́ranyàn ní ìsàlẹ̀ yìí, kó fi àsìkò bá a wọ̀ ọ́. Ẹ gbin hóró ní ìparí oṣù kẹjọ, ẹ tú u gbìn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, á bẹ̀rẹ̀ sí í tan òdòdó ní nǹkan bí oṣù kọkànlá. Nígbà tí ọyẹ́ bá fi máa dé, tí òru tutù, èso á ti máa mú. Ó máa gba omi o, torí ẹ̀ẹ̀rùn ni. Bí kànga bá jìnnà, ẹ dín iye igi kù. Wọ́n ń ta àwọ̀n dúdú tó ń dín oòrùn kù, ṣùgbọ́n fún igi díẹ̀, imọ̀ ọ̀pẹ méjì tí ẹ gbé dúró sí apá ìwọ̀ oòrùn ń ṣe iṣẹ́ kan náà lọ́fẹ̀ẹ́.

Hóró: ẹ má kó o láti inú ata tí ẹ rà fún ọbẹ̀

Mo mọ̀ pé ó ń wu yín. Ata ti wà nílẹ̀, hóró rẹ̀ pọ̀, kí ló dé tí a ó fi da á nù? Ẹ gbọ́.

Hóró inú ata tútù kò tíì gbó, díẹ̀ ló máa hù nínú rẹ̀ bí ó bá hù rárá. Hóró inú alágogo pupa àti ìyeyè tí wọ́n ń tà ní súpámákẹ́ẹ̀tì máa ń hù, ṣùgbọ́n F1 ló pọ̀ jù nínú wọn. Irú méjì ni wọ́n mú kí wọ́n gun ara wọn kí wọ́n tó rí F1, ọmọ rẹ̀ kì í sì í jọ ọ́: igi kan á so kékeré, èkejì á so gígùn, ìkẹta lè má so.

Ti tàtàṣé ọjà tó wá láti Òkè Ọya ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Tàtàṣé àti ṣọ̀mbọ̀, ìran kan náà ni wọ́n, kòkòrò tó ń bà lórí òdòdó sì lè gbé àtíkè ọ̀kan lọ fún èkejì. Àwọn kan máa ń sọ pé bí ẹ bá gbin tàtàṣé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ̀mbọ̀, tàtàṣé náà á máa ta lẹ́nu lọ́dún yẹn. Irọ́ ni. Ara igi tó so èso ni ara èso ti wá, títí kan awọ funfun inú rẹ̀, níbi tí hóró so mọ́, tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni títa ti ń wá. Hóró nìkan ni àdàlù wọ̀. Ẹ wá gbin hóró náà lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ ó rí tàtàṣé rèǹtè-rente tó máa mú àlejò yín sunkún lórí oúnjẹ, torí pé bí títa àti àìta bá pàdé nínú hóró kan, títa ló máa ń borí. Rodo jìnnà sí wọn díẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ bá tàtàṣé dàpọ̀.

Ẹ ra ọ̀rá hóró. Bí ẹ bá fẹ́ máa pa hóró mọ́ fúnra yín, ẹ béèrè èyí tí wọ́n kọ OP (open-pollinated, èyí tí kì í ṣe F1) sí lára, ọmọ rẹ̀ máa ń jọ ọ́ bí àjèjì kò bá dé ibi òdòdó rẹ̀. Ẹni tó bá wà ní Ìbàdàn lè lọ bi àwọn NIHORT, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí ọ̀gbìn èso àti ẹ̀fọ́, ní Ìdí-Ìṣin, ata wà lára ohun tí wọ́n ń ṣèwádìí lé lórí.

Ẹ ka ẹ̀yìn ọ̀rá náà kí ẹ tó sanwó. Ẹ wo oṣù àti ọdún tí wọ́n dì í, nítorí hóró ata tó ti pẹ́ nínú ìsọ̀ tó gbóná kì í fẹ́ hù mọ́. “75 days” tí wọ́n kọ síbẹ̀, láti ọjọ́ tí ẹ bá tú u gbìn ni wọ́n sábà ń ka iye yẹn, ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kún un. Bí ẹ bá rí PVMV níbi tí wọ́n kọ àwọn àrùn tí irú náà lè fara dà sí, ẹ mú un, ibi tí owó bá tó. Àrùn yẹn wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa: ewé á ní àmì tótòtó, á kéré, á ká, ata á sì so wínníwínní. Kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń fa omi lábẹ́ ewé ló ń gbé e kiri. Rs ní tirẹ̀ dúró fún àrùn tó ń mú igi rọ lójijì nígbà tí ewé rẹ̀ ṣì tutù. Hóró tó bá pupa rúsúrúsú tàbí tó ní àwọ̀ búlúù, oògùn ni wọ́n fi pa á lára. Kí ọmọdé má dé ibẹ̀, kí ẹ sì fọ ọwọ́.

Ìdánwò kékeré

Ẹ ka hóró mẹ́wàá sínú tíṣù tó tutù, ẹ ká a sínú ọ̀rá, ẹ gbé e sórí fíríìjì. Láàárín ọjọ́ méje sí mẹ́rìnlá, ó yẹ kí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti hù. Bí wọn kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ gbìn ín ní ìlọ́po méjì, tàbí kí ẹ lọ bá ọlọ́jà yín. Ẹ fi èyí tó hù síbẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ má dà á nù.

Ọ̀rá pure water tí ẹ ti gé orí rẹ̀, tí ẹ dá ihò sí nísàlẹ̀, ni èmi ń lò fún hóró, hóró kan sí ọ̀rá kan. Ike tí àwọn alágrò ń tà dára, àmọ́ kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Àwọ̀n ẹ̀fọn àtijọ́ ni kí ẹ fi bò ó títí ẹ ó fi tú u gbìn, kí kòkòrò wẹ́wẹ́ yẹn má bàa dé ibẹ̀. Nígbà tó bá yọ ewé márùn-ún tàbí mẹ́fà, ẹ tú u gbìn, ìwọ̀n 50 sẹ̀ǹtímítà sí ara wọn, tàbí igi kan sínú ike ọ̀dà lítà 20 tí ẹ lu ihò sí nídìí.

Ilẹ̀ kan wà tí kò sí irú tí ẹ máa yàn tó máa ràn yín lọ́wọ́ púpọ̀ níbẹ̀. Bí tòmátì tàbí ìgbá bá ti rọ kú lójijì níbẹ̀ rí, ẹ gé ìdí igi tó ń rọ, ẹ fi ojú ibi tí ẹ gé sínú ife omi tó mọ́. Bí nǹkan funfun bíi wàrà bá ń ṣàn jáde láti ibẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àrùn inú ilẹ̀ ni. Ẹ má gbin ata sí i, inú ike ni kí ẹ ti gbìn ín, pẹ̀lú ilẹ̀ tí ẹ bù láti ibòmíràn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìlú Ọba, òtútù ni ọ̀tá tiyín, kì í ṣe ooru. Ẹ gbin hóró sínú ilé ní oṣù kejì tàbí oṣù kẹta, ẹ gbé e síta ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà. Irú tó tètè ń so bíi Gypsy F1 ló bá ibẹ̀ mu. Corno di Toro ti àwọn ará Ítálì gùn, ó ṣóńṣó, ó pupa, ó sì dùn nínú ọbẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ díẹ̀.

Ọdún kejì

Ẹ gbin irú méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ lọ́dún àkọ́kọ́, kí ẹ sì so òwú mọ́ igi tó bá mú èso nígbà tí ooru mú jù. Lára igi OP yẹn, kí òdòdó kan tó là, ẹ fi àjákù aṣọ àwọ̀n tí télọ̀ ń dà nù bò ó. Ẹ máa gbọ̀n ọ́n díẹ̀díẹ̀ láàárọ̀, ó lè gun ara rẹ̀. Bí ó bá ti mú, ẹ tú aṣọ, ẹ so òwú mìíràn mọ́ èso náà, kí ẹnikẹ́ni nínú ilé má já a fún ọbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó pọ́n dénú. Ẹ sá hóró rẹ̀ síbi tí kò sí oòrùn títí yóò fi máa dún nígbà tí ẹ bá mì ín, ẹ dà á sínú ìgò kékeré pẹ̀lú ìrẹsì gbígbẹ díẹ̀, kó sì wà nínú fíríìjì. Ẹ kọ orúkọ irú rẹ̀ àti oṣù sínú bébà, ẹ fi sínú ìgò náà. Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi kọ ọ́, ọ̀rinrin máa ń pa bíró rẹ́.