Ẹ má fojú àwọ̀ sọ aràn pẹlẹbẹ lórúkọ

Lẹ́yìn òjò ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ àbúrò mi fi fọ́tò kan hàn mí láti ẹ̀yìnkùlé wọn ní Ìgbógbò, Ìkòròdú: nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́, orí rẹ̀ rí bí abẹ̀bẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò òdòdó. Ìyá rẹ̀ ní eṣúṣú ni, bàbá rẹ̀ ní ọmọ ejò ni. Òun ní, "Bọ̀dá, fóònù ti sọ orúkọ ẹ̀: Bipalium kewense." Fóònù ló sún mọ́ ọn jù, torí irú aràn pẹlẹbẹ kan ni Bipalium kewense, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe wà: fọ́tò nìkan ló wò.

Aràn pẹlẹbẹ ni, ẹ má pè é ní ekòló. Ara ekòló ní òrùka-òrùka, tirẹ̀ kò ní. Ẹnu rẹ̀ kò sí lórí, abẹ́ ikùn ló wà, ihò yẹn náà ló sì fi ń yàgbẹ́. Ekòló gan-an ni oúnjẹ rẹ̀.

Àwọ̀ ló ń tan èèyàn jù. Ní Yúróòpù, wọ́n kọ́kọ́ pe irú aràn pẹlẹbẹ kan ní Obama marmorata. Nígbà tí wọ́n gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tí wọ́n fi maikirosíkóòpù wo ohun tó fi ń bímọ, wọ́n rí i pé ọ̀tọ̀ ni. Ní 2016 wọ́n sọ ọ́ ní Obama nungara. Ní Tupi, èdè ìbílẹ̀ kan ní Brazil, nungara ni "ó jọ ọ́". (Kò sí ti Ààrẹ Amẹ́ríkà níbẹ̀, kò sì sí ọba kankan: ẹranko ewé ni Obama.) Àwọn olórí abẹ̀bẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì wo inú wọn báyìí, Diversibipalium ni wọ́n ń kó wọn sí, bí ọmọ tó wà nílé alágbàtọ́ títí a ó fi mọ baba rẹ̀.

Ẹ má sì fi orúkọ mọ ìlú rẹ̀. Inú ilé onídígí ní ọgbà ewéko Kew, Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n ti rí kewense tí Moseley, onímọ̀ ẹranko, sọ lórúkọ ní 1878, gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà ló sì ti wá. Ẹni tí a pàdé ní gáréèjì Ìkòròdú, ṣé ọmọ Ìkòròdú ni dandan? Lẹ́tà kékeré ni wọ́n fi ń kọ k inú kewense, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara Kew ni wọ́n ti fa orúkọ náà yọ.

Ẹ má gé e: gígé kewense ń sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ má fọwọ́ lásán mú un, májèlé tetrodotoxin wà lára rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, inú ọtí líle tó mọ́ ni kí ẹ fi sí, kì í ṣe inú iyọ̀.

Mo ní kí ọmọ náà lọ gbé e wá. Ìyá rẹ̀ ti da iyọ̀ sí i láàárọ̀, omi yíyọ̀ ló kù. A kọ "Bipaliinae", ìyẹn orúkọ ẹbí àwọn olórí abẹ̀bẹ̀, sábẹ́ fọ́tò náà, a ò fi nǹkan kan kún un.