Bíbọ̀ kì í ṣe sísè: àwọn ọ̀rọ̀ ilé ìdáná àti bí a ṣe ń ṣe wọ́n

Bí a bá ní kí ènìyàn bọ ìrẹsì, tó wá sè é títí tó fi rà, iná kọ́ ló bà á jẹ́, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún un ni kò yé e. Gbogbo wa la ń pè é ní oúnjẹ sísè, ṣùgbọ́n bíbọ̀, díndín, yíyan, sísun, rírò àti títẹ̀ ní iye omi tiwọn, wọ́n ní irú iná tiwọn. Ẹja la ó fi ṣàlàyé púpọ̀ nínú wọn, torí ẹni tó bá ń ná ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, ẹja ló máa ń kó wálé jù: àrọ̀, òbòkún, epìyà, pẹ̀lú edé àti akàn.

Fífọ ẹja

Àrọ̀ ló ń dààmú ènìyàn jù, torí ara rẹ̀ ń yọ̀. Ẹ má fi ọṣẹ kàn án. Síbí ìjẹun iyọ̀ méjì tó ẹja kílò kan. Ẹ fi pa á lára, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5. Ẹ gbé omi kaná. Bí ooru bá ti ń jáde lójú rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò tíì hó, ẹ dà á lé ẹja náà, ẹ kà á dé 30, kí ẹ sì yọ ẹja bọ́ sínú omi tútù. Ohun tó ń yọ̀ lára rẹ̀ á ti ṣù funfun, ẹ̀yìn ọ̀bẹ lẹ ó fi họ ọ́ dànù. Omi tó bá ń hó pọ̀tọ̀pọ̀tọ̀ á bó awọ ẹja kó tó dé inú ìkòkò. Bí ẹ bá ń yọ ìfun rẹ̀, ẹ ṣọ́ òróòro. Bó bá bẹ́, ẹ tètè fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ibẹ̀, torí bó bá fi lè dénú ọbẹ̀, kò sí magí tó lè bo ìkorò rẹ̀.

Bíbọ̀ àti sísè

Ohun tí a bọ̀, a ṣì máa fi ṣe nǹkan mìíràn. A ń bọ ẹran kó tó di pé a dín in. A ń bọ ìrẹsì kó tó wọ ata jọ̀lọ́ọ̀fù: ìṣẹ́jú 5 sí 7 lẹ́yìn tó bá hó ti tó, kí inú hóró rẹ̀ ṣì le díẹ̀. Iṣu, ẹ̀wà àti ọbẹ̀ ní tiwọn, sísè ni. Ibi tí wọ́n wà náà ni wọ́n máa jinná sí.

Bí ẹ bá ń bọ ẹran, ẹ má kọ́kọ́ da omi bò ó. Ẹ fi iyọ̀ àti àlùbọ́sà sí i, ẹ dé e, kí ẹ gbé e ka iná kékeré fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10. Omi ara rẹ̀ á jáde. Ìgbà náà ni kí ẹ wá bu omi gbígbóná díẹ̀díẹ̀ sí i. Ẹran tí a rì sínú omi rẹpẹtẹ láti ìbẹ̀rẹ̀, adùn rẹ̀ ti bá omi lọ. Ẹja tútù kò gba irú èyí rárá. Ẹ fi sínú ọbẹ̀ tó ti ń hó, ìṣẹ́jú 10 sí 12, ẹ má sì fi síbí rò ó. Ẹ di etí ìkòkò mú, kí ẹ mì ín.

Ata náà ń gba bíbọ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọbẹ̀ ti ń bàjẹ́. Tàtàṣé 5, tòmáàtì 4, ata rodo 3 àti àlùbọ́sà ńlá 1, ẹ lọ̀ wọ́n, ẹ gbé e kaná láì dé e, kó máa hó fún ìṣẹ́jú 20 sí 25 títí omi rẹ̀ á fi fà. Bí ẹ bá fi síbí la àárín rẹ̀, ojú ọ̀nà náà kò ní tètè padé. Bí ẹ bá kánjú da ata olómi sínú òróró gbígbóná, ó máa ta sí yín lára, òróró á tutù, ata á kàn máa hó nínú rẹ̀ ni, kò ní dín. Òun ló ń fa kí ọbẹ̀ kan lẹ́nu, táwọn kan á wá bu ṣúgà sí i. Omi ló yẹ kí wọ́n gbẹ. Ata tó gbẹ dáadáa á dín láàárín ìṣẹ́jú 15. Ẹ tẹ́tí sí ìkòkò: bó bá ń dún gbùdù-gbùdù, omi ṣì wà níbẹ̀, bó bá di ṣàà-ṣàà, tí epo yọ sójú rẹ̀, ó ti dín.

Díndín

Ẹja tó lẹ̀ mọ́ agbada, ó lè jẹ́ pé ara rẹ̀ tutù, ó sì lè jẹ́ pé òróró kò gbóná. Ẹ pa iyọ̀ mọ́ ọn lára fún ìṣẹ́jú 20, ẹ fi aṣọ mímọ́ nu ún gbẹ. Kí òróró má ju ìdajì agbada lọ. Ẹ ju àlùbọ́sà wẹ́wẹ́ kan sí i: bó bá sùn sísàlẹ̀, kò tíì yá, bó bá gbéra lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ìfóòfó yí i ká, ẹ kó ẹja sí i, bó bá dúdú lójú ẹsẹ̀, ẹ gbé agbada kúrò lórí iná díẹ̀. Ẹ má kó o pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan náà, òróró á tutù, ẹja á sì mu epo. Ẹ má fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú 4 sí 5. Bí awọ rẹ̀ bá ti gan, á fúnra rẹ̀ jáwọ́ lára agbada. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí ẹ yí i.

Yíyan àti sísun

Iṣu àti àgbàdo là ń sun, wọ́n ń fara kan ẹyin iná. Ẹja là ń yan: ooru àti èéfín ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ iná. Ẹ ká àrọ̀, ẹ fi igi ìgbálẹ̀ gún ìrù rẹ̀ mọ́ ẹnu, kó má baà fọ́ nígbà tó bá gbẹ. Ẹja tí òde rẹ̀ jó tí inú rẹ̀ ṣì tutù, iná ló pọ̀ jù; láàárín ọjọ́ méjì ó lè hu.

Rírin: ìkọ́kọrẹ́

Ìkọ́kọrẹ́ tí a ń fi ewùrà rírin sè, oúnjẹ Ìjẹ̀bú ni, Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ewùrà kílò 1 ni kí ẹ rin lójú wẹ́wẹ́ páànù onihò. Ẹ fi epo pupa pa ọwọ́ kó tó di pé ẹ bẹ̀rẹ̀, torí ewùrà ń yúnni. Ẹ má fi omi kankan sí i. Iyọ̀ díẹ̀ ti tó.

Nínú ìkòkò ńlá, ẹ fi síbí ìjẹun epo pupa 6, ata lílọ̀ ife 1, omi ẹran ife 2 àtààbọ̀, ẹja yíyan tí a ti yọ egungun rẹ̀, edé àti pọ̀ǹmọ́. Kí ọbẹ̀ náà ṣàn, torí ewùrà á mu ún. Ẹ tọ́ ọ wò kí ewùrà tó wọ̀ ọ́. Kó níyọ̀ díẹ̀ ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó máa tẹ́.

Nígbà tó bá ń hó ni kí ẹ máa fi ìka bu ewùrà sí i, ìṣù kéékèèké tó lè wọ ẹnu lẹ́ẹ̀kan. Ẹ dé e lórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ẹ má rò ó! Ẹni tó bá tètè rò ó, ìṣù á tú, gbogbo rẹ̀ á di àsáró. Ẹ la ìṣù kan sí méjì: bí àárín rẹ̀ ṣì funfun bí ìgbà tí ẹ rin ín, kò tíì jinná. Bó bá jinná, ẹ wá fi síbí onígi yí i láti ìsàlẹ̀ wá sókè, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin, kí ìdajì rọ̀, kí ìdajì ṣì jẹ́ ìṣù. Bó bá ki jù, omi gbígbóná ni kí ẹ fi là á.

Rírò àti títẹ̀

A ń ro àmàlà lórí iná. Ẹ̀bà ní tirẹ̀, títẹ̀ ni, kò sí iná lábẹ́ rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ omi tó ń hó gan-an ló ń gbà. Ẹ da omi sínú abọ́, ẹ wọ́n gàrí yí i ká títí yóò fi bo ojú omi, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 2 kí ẹ tó fi orógùn kàn án. Kókó inú ẹ̀bà, omi tí kò hó ló sábà máa ń fà á. Bó bá jẹ́ ìkọ́kọrẹ́ lẹ fẹ́ fi jẹ, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní wákàtí méjì ṣáájú, torí ẹ̀bà tútù ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́.