Bí Ẹ Ó Ṣe Tẹ Ajá àti Ológbò Yín Lọ́dàá n'Ífẹ̀

Ẹni tó bá ń ta ẹ̀wà àti èlùbọ́ l'Ódò Ogbè bíi tèmi kò lè ṣe kó má sin ológbò, eku ò ní jẹ́. Àwọn oníbàárà mi sì máa ń béèrè pé, "Màmá, tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, ṣé á ṣì máa pa eku?" Á máa pa á. Ajá náà á máa gbó olè. Rírìn kiri lóru àti ìjà lórí abo ló máa dínkù.

Abo ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Ológbò lè lóyún láti bí oṣù 4 sí 5, oyún rẹ̀ kò sì ju bí oṣù 2 lọ. Ká tó wí, ká tó fọ̀, ọmọ ti kúnlé, wọ́n á wá dì wọ́n sápò lọ jù nù. Ó máa ń dùn mí wọra. Ẹ jẹ́ kí dókítà ẹranko yọ ilé ọmọ rẹ̀ kó tó máa wá akọ. Abo ajá tí wọ́n bá ṣe fún kí ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ tó wá, jẹjẹrẹ ọmú kì í sábà bá a jà. Irú ajá tó máa ń tóbi gan-an lè ní láti dúró tó ọdún kan. Ẹ bi dókítà.

Ẹ má gbé e fún àwọn tó ń fi bíléèdì tẹ òbúkọ lọ́dàá. Wọn kò ní abẹ́rẹ́ oorun, bẹ́ẹ̀ inú ni wọ́n máa ń là fún abo. Tí ẹ kò bá rí dókítà tó tẹ́ yín lọ́rùn nítòsí, ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn wà.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ, ẹ má fún un lóúnjẹ mọ́, kó má baà máa bì lójú oorun. Omi kò burú. Àgò tí ẹ fi aṣọ bò ni kí ẹ fi gbé ológbò, kì í ṣe àpò lórí ọ̀kadà.

Tí ẹ bá délé, ẹ máa wo ojú ọgbẹ́ láràárọ̀ fún ọjọ́ 10 sí 14. Ẹ má wẹ̀ ẹ́, ẹ má jẹ́ kó lá a. Tó bá wú, tó ń rùn tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ gbé e padà kíá; ẹ má fi epo pupa tàbí eérú sí i. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fún ológbò ní parasitamọ́ọ̀lù nítorí ìrora. Ìdajì horo kan tó láti pa á.

Ara akọ tètè máa ń yá, ṣùgbọ́n ó ṣì lè fún abo lóyún fún bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Ẹ dè é mọ́lé títí ìgbà yẹn á fi kọjá.