Ìwé Ìfẹ́ Họ́kì Oníata: Àṣìṣe Tí Àwọn Òǹkàwé Èkó Máa Ń Ṣe

Àṣìṣe àkọ́kọ́ máa ń wáyé kí èèyàn tó ṣí ìwé rárá. Bí ọ̀pọ̀ wa ní Èkó bá gbọ́ họ́kì, ti orí pápá ló ń sọ sí wa lọ́kàn, irú èyí tí wọ́n ń gbá ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè: èèyàn 11 ní ẹgbẹ́ kan, bọ́ọ̀lù kékeré roboto, ọ̀pá tó tẹ̀ lẹ́nu, oòrùn gangan lórí. Ti inú àwọn ìwé ìfẹ́ họ́kì wọ̀nyí kọ́ nìyẹn. Orí yìnyín ni wọ́n ti ń gbá tiwọn. Èèyàn 6 ló ń wà níbẹ̀ fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, gólì wà lára wọn, wọ́n sì wọ bàtà onírin mímú. Ohun tí wọ́n ń gbá kì í ṣe bọ́ọ̀lù, pọ́ọ̀kì ni, rọ́bà líle pẹlẹbẹ tó fẹ̀ ní ínṣì 3, tó nípọn ní ínṣì 1, tí wọ́n máa ń fi sínú fírísà ṣáájú eré kó má baà máa fò káàkiri. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí lè ka ogójì ojú ìwé láìmọ ohun tó gbé eyín iwájú ọkùnrin inú ìtàn lọ.

Ẹ má sì rò pé eré àwọn òyìnbó nìkan ni. Jarome Iginla, tí wọ́n bí ní Edmonton ní Kánádà ní 1977, ọmọ bàbá tó wá láti Nàìjíríà ni. Adékúnlé wà lára orúkọ rẹ̀, igi ńlá tí gbogbo wa mọ̀ náà sì ni Iginla. Góòlù 625 ló gbá wọlé nínú NHL, líìgì họ́kì orí yìnyín tó ga jù ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ó bá Kánádà gba wúrà Òlíńpíìkì ní 2002 àti 2010.

Ẹ má fi àwòrán iwájú ìwé díwọ̀n ata inú rẹ̀, ìyẹn bí ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ ṣe pọ̀ tó níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé ìfẹ́ họ́kì òde òní ni wọ́n yàwòrán aláràbarà sí níwájú: ọkùnrin kan àti obìnrin kan lórí yìnyín, àwọ̀ pínkì àti búlúù, bí ìwé àwọn ọmọdé gẹ́lẹ́. Òbí kan lè rí i ní ìsọ̀ ìwé tòkunbọ̀ ní Yábàá, kó rà á fún ọmọ ọdún 13 tó fẹ́ràn ìwé kíkà, láìmọ̀ pé orí mẹ́rin tàbí márùn-ún ni wọ́n ti ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí ibùsùn láìfi ohunkóhun bò. Ìwé àgbà ni. Bí ẹ bá ní ọmọ nílé, ẹ má fi í sílẹ̀ lórí tábìlì pálọ̀.

Ata tí àwọn òǹkàwé máa ń yà, láti orí ẹyọ kan títí dé márùn-ún, kò ní òṣùwọ̀n kan náà. Ata mẹ́ta ẹnìkan lè jẹ́ márùn-ún fún ẹlòmíràn, bí ó ṣe máa ń rí nídìí ọbẹ̀. Dípò kí ẹ béèrè pé ata mélòó ni, ohun mẹ́ta ni kí ẹ béèrè: ṣé ilẹ̀kùn yàrá ṣí sílẹ̀ fún òǹkàwé ni àbí ó tì? Ẹ̀ẹ̀melòó ló ṣẹlẹ̀? Ṣé tinútinú àwọn méjèèjì ni, àbí ìfipámúni wà níbẹ̀? Ojú ìwé tó ń kìlọ̀ nípa ohun tó lè dun òǹkàwé máa ń wà níwájú gan-an, kí orí kìíní tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣí i kọjá. Àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ tí Amazon ń fúnni kì í sábà ju nǹkan bí ìdá mẹ́wàá ìwé lọ, ata kì í sì í tètè dé nínú ìwé tí ìfẹ́ rẹ̀ ń rọra jó. Ó lè kọjá ìdajì ìwé kí wọ́n tó fẹnu ko ara wọn lẹ́nu. Ohùn òǹkọ̀wé ni àyẹ̀wò náà máa jẹ́ kí ẹ mọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ata ṣe pọ̀ tó, ẹ ka ọ̀rọ̀ àwọn tó fún ìwé náà ní ìràwọ̀ mẹ́ta. Àwọn ló máa ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́ àti ohun tí wọn ò fẹ́.

Èyí tó ń dùn wá jù nìyí: kí òǹkàwé máa fo gbogbo ibi tí wọ́n ti ń gbá eré, kó lè yára dé ibi tí ata wà. Ata tí kò sí nínú ọbẹ̀, ẹnu lásán ló ń ta. Ohun tó ń mú kí ọkàn òǹkàwé máa lù ní orí kẹẹ̀ẹ́dógún, òǹkọ̀wé ti gbìn ín sórí yìnyín láti orí kẹta.

Ẹ wo bí eré náà ṣe rí. Ìpín mẹ́ta ni, ogún ìṣẹ́jú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Agbáhọ́kì kì í pẹ́ níbẹ̀: bí ìṣẹ́jú àáyá 45 ni yóò fi sá tokuntokun, á bọ́ síta láti mí, ẹlòmíràn á wọlé. Bó bá fi ọ̀pá kọ́ alátakò lẹ́sẹ̀, ìṣẹ́jú 2 ni yóò fi jókòó sínú àpótí ìjìyà, ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì dín ẹnìkan. Bó bá jà, ìṣẹ́jú 5. Ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Alátakò kan sọ̀rọ̀ àbùkù sí obìnrin tó ń tọ́jú ara àwọn agbáhọ́kì. Ọkùnrin wa bọ́ ìbọ̀wọ́, ó fún un ní ẹ̀ṣẹ́, wọ́n lé e lọ sínú àpótí. Ètè rẹ̀ bẹ́, ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí kọ́là, fún odindi ìṣẹ́jú 5 ló ń wo obìnrin náà láti inú gíláàsì, obìnrin náà ò sì wo ibẹ̀ rárá. Ó ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jà nítorí òun. Nígbà tí obìnrin náà bá wá ń fi òwú nu ètè rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, tí àwọn méjèèjì dákẹ́, ẹni tó fo ojú ìwé àpótí yẹn á rò pé ìtọ́jú egbò lásán ni. Kò ní mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ń lọ lọ́wọ́.

Ibẹ̀ gan-an ni adùn irú ìwé yìí wà. Ọkùnrin tí wọ́n ti ń lù mọ́ ògiri láti ìrọ̀lẹ́, tí gbogbo ìlú mọ̀ sí oníjà, á délé ní agogo méjìlá òru, ohun àkọ́kọ́ tí yóò bi obìnrin náà ni pé, "Ṣé o ti jẹun?" Agbára tó mọ ìgbà tó yẹ kó rọ̀ ni òǹkàwé ń wá kiri, kí ìbùsùn tó wọ ọ̀rọ̀ rárá. Ẹ fi kún un pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dà bí ọmọ ìyá, wọ́n ń yọ ọ́ lẹ́nu, wọ́n ń bò ó láṣìírí. Ta ni kò fẹ́ irú ilé bẹ́ẹ̀?

Kàlẹ́ńdà pẹ̀lú ń ṣiṣẹ́ nínú ìtàn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, eré 82 ni ẹgbẹ́ NHL kan ń gbá láti October sí April, 41 nílé, 41 lẹ́yìn odi. Ìyẹn ni pé ọkùnrin náà kì í sí nílé fún ìdajì sáà, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ orí fóònù fi pọ̀ nínú àwọn ìwé wọ̀nyí. Bí ìtàn bá sì ti ń sún mọ́ March, ẹ ṣọ́ra. Ìgbà náà ni ọjọ́ ìkẹyìn tí àwọn ẹgbẹ́ lè fi agbáhọ́kì ṣe pàṣípààrọ̀ máa ń tẹnu bodè. Wọ́n lè pè é lọ́sàn-án, kí wọ́n ní ó ti di ti ìlú mìíràn, láìbi í, àyàfi bí gbólóhùn kan nínú ìwé àdéhùn rẹ̀ bá dáàbò bò ó. Òǹkàwé tó bá mọ èyí á ti máa gbọ̀n kí tẹlifóònù tó dún.

Kò pọn dandan kí ẹ ṣàìsùn láti mọ eré náà. Eré agogo méje alẹ́ ní ìhà ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, agogo méjìlá òru tàbí agogo kan ni lọ́dọ̀ wa. Àkékúrú eré méjì lórí YouTube tó. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ara wọn, ẹ wo àpótí ìjìyà, kí ẹ sì wo bí ẹgbẹ́ méjèèjì ṣe ń tò láti bọ ara wọn lọ́wọ́ bí ìpele ìdíje àṣekágbá kan bá parí.

Àwọn yòókù kò gùn. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ìwé kẹta: agbáhọ́kì kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ kan náà sábà máa ń ní ìwé tirẹ̀, ẹni tó bá ka ti ẹnìkẹta ṣáájú á ti mọ ẹni tí àwọn méjì àkọ́kọ́ fẹ́. Ẹ má fi PDF ayédèrú ránṣẹ́ lórí Telegram. Orí àfikún ìparí lè má sí nínú rẹ̀, ojú ewé ìkìlọ̀ náà lè ti dàwátì, àtẹ̀jíṣẹ́ àwọn olólùfẹ́ méjèèjì á sì dàrú débi tí ẹ ò ní mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Bákan náà, ojú ìwé tí èèyàn kà ni wọ́n fi ń sanwó fún òǹkọ̀wé tí ìwé rẹ̀ wà lórí Kindle Unlimited, ètò Amazon tí òǹkàwé ń sanwó oṣooṣù fún láti máa ka ìwé. PDF kò ka nǹkan kan fún un. Bó bá jẹ́ ìwé olóhùn ni ẹ ń gbọ́ nínú danfó, ẹ rí i pé yíàpíìsì ti so mọ́ fóònù kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ní ilé, ẹ kọ́kọ́ pa Bluetooth spíkà pálọ̀.

Ẹ má sì gbé ohun inú ìwé lé ènìyàn ẹlẹ́ran ara lórí. Ní 2023, agbáhọ́kì kan ní Amẹ́ríkà àti ìyàwó rẹ̀ jáde sọ ní gbangba pé ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ tí àwọn òǹkàwé ń kọ nípa ọkùnrin náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti kọjá ààlà. Ọkọ ọlọ́kọ ni, kò sì sí nínú ìtàn ẹnikẹ́ni.

Fún ẹgbẹ́ òǹkàwé: ìwé 400 ojú ewé, ẹ pín in sí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọgọ́rùn-ún ojú ewé ní ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ fẹnu kò ṣáájú lórí ibi tí ẹ ó ti pàdé, nítorí orí kejìdínlógún kò ṣeé kà sókè ní gbọ̀ngàn ìjọ. Bí ẹnìkan bá ní òun ò fẹ́ ka orí oníata, ẹ kọ nọ́ńbà orí náà fún un kó fò ó. Orí eré tó ṣáájú rẹ̀ ni kí ẹ má jẹ́ kó fò.