Bí a ṣe ń yẹ dark star wò nínú dátà telescope James Webb

Orúkọ náà ń ṣini lọ́nà: dark star (ìràwọ̀ òkùnkùn) kò ṣókùnkùn. Èyí tó bá wúwo tó mílíọ̀nù kan Oòrùn wa yóò tàn tó bílíọ̀nù kan Oòrùn. Háídírójìn àti hílíọ̀mù ló kún inú rẹ̀. Dark matter, ohun àìrí tí kì í tan ìmọ́lẹ̀, tó wà níbẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún. Àmọ́ bí àwọn èérún yẹn bá ń pàdé, tí wọ́n ń pa ara wọn rẹ́, ooru wọn ló ń gbé ìràwọ̀ náà ró. Àbá ṣì ni. Ní 2023, àwọn onímọ̀ Ilie, Paulin àti Freese tọ́ka sí ohun mẹ́ta tó jìnnà ní ojú ọ̀run tó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀: JADES-GS-z11-0, z12-0 àti z13-0. Ẹ fi z13-0 bẹ̀rẹ̀.

Ẹ gba spectrum rẹ̀ (ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tí a pín sí wavelength, ìyẹn gígùn ìgbì) láti inú NIRSpec, ohun èlò orí James Webb. Orí MAST, ibi ìkópamọ́ dátà rẹ̀, ló wà, ọ̀fẹ́ ni; kí ẹ fi astropy, irinṣẹ́ Python kan, ṣí fáìlì FITS náà. Redshift rẹ̀ (bí gbígbòòrò àgbáyé ṣe na ìmọ́lẹ̀ rẹ̀) jẹ́ 13.2; ẹ fi 1 kún un, ó di 14.2. Ìlà háídírójìn 1216 angstrom (10,000 angstrom ni máíkírọ́ọ̀nù kan) lọ́nà 14.2 jẹ́ 1.73 máíkírọ́ọ̀nù. Ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ ti gé. Bí kò bá gé níbẹ̀, ẹ yẹ ìwọ̀n wavelength yín wò kí ẹ tó tẹ̀síwájú.

Ó wá kan hílíọ̀mù, ibi tí iṣẹ́ wà gan-an. Ìlà 1640 angstrom rẹ̀ yóò bọ́ sí 2.33 máíkírọ́ọ̀nù. Lára dark star, kòtò ni a ń retí, torí hílíọ̀mù ojú rẹ̀ ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Nínú gálásì tí gáàsì rẹ̀ ń tàn, ìlà náà sábà máa ń yọ sókè. Prism NIRSpec ń na ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ fẹ̀ tó 0.02 máíkírọ́ọ̀nù tàbí jù bẹ́ẹ̀, kòtò gidi á wá dà bíi noise, ìyẹn ìdàrúdàpọ̀ inú dátà. Ẹ wọn noise ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Kòtò tí kò tó ìlọ́po 3 rẹ̀, ẹ má gbà á gbọ́. Ti JADES-GS-z14-0, òmíràn tí a yẹ̀ wò bẹ́ẹ̀, kò ju nǹkan bí ìlọ́po 2 lọ.

Ẹ wo bó ṣe tóbi pẹ̀lú: ìràwọ̀ kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ rí bí ojú abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n gáàsì tó yí i ká lè mú un fẹ̀, ẹ má fi ìyẹn nìkan dá a lẹ́jọ́.

Ẹ wá ọ́síjìn àti kábọ́ọ̀nù kẹ́yìn. Inú ìràwọ̀ tó ti kú ṣáájú ni wọ́n ti ń wá, dark star kò lè ṣe wọ́n; bí ẹ bá rí wọn, kì í ṣe dark star nìkan ló wà níbẹ̀. ALMA, àkójọ telescope rédíò ní Chile, ti rí ọ́síjìn nínú z14-0. James Webb fúnra rẹ̀ rí kábọ́ọ̀nù nínú z12-0, ní nǹkan bí 2.57 máíkírọ́ọ̀nù.